Káàdì Méjì, Òkú Kan

Ojú ọkùnrin náà kò ṣeé wò. Ẹni tó lù ú kò lù ú bí ẹni tó kàn fẹ́ kó kú, ó lù ú bí ẹni tó fẹ́ kí ojú náà parẹ́ kúrò láyé. Imú ti wọlé, eyín ti fọ́n ká sáàárín ìṣó àti wáyà, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta dé orí pákó tí wọ́n ń to ọjà sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti rí òkú tó pọ̀ nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá, síbẹ̀ mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó lè tún un wò. Inú bí mi gan-an. Kí ni èèyàn lè ṣe fún èèyàn tí wọ́n á fi lù ú báyìí?

Oníkáàdì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n káàdì àwòrán ló sọ ọ́ di olókìkí, ìyẹn pátákó olófáànù tí wọ́n ń kì sínú kọ̀ǹpútà kó lè máa gbé àwòrán jáde wàràwàrà. Àwọn tó ń gbá géèmù àti àwọn tó ń ṣe fíìmù kì í ṣeré pẹ̀lú ẹ̀ rárá.

Ọ̀gá àgbà wa pè mí lórí fóònù. "A ti mú ẹni tó ṣe é. Àbúrò rẹ̀ ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bá a, orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ẹ tètè parí iṣẹ́ yín níbẹ̀, kí n rí i gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́la."

Mo sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gún èèyàn níbi tó bá dùn ún jù, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Sájẹ́ńtì, kí ni wọ́n ní àbúrò fi lù ú?"

"Òòlù ni, ọ̀gá. Òun ló wà lórí tábìlì yẹn."

Ó mú òòlù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ó mọ́ ju àwo tí mo fi jẹun láàárọ̀ lọ. Wá wo ibí yìí."

Mo bẹ̀rẹ̀. Níbi tí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tíì ya tán, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ. Irú wọn náà ló wà níwájú orí.

"Òòlù wo ló ní eyín bí òòyà?" ló bi mí.

Ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn tábìlì, níbi tí káàdì àwòrán kékeré olófáànù méjì kan wà nílẹ̀ bí ohun tí wọ́n jù sọnù. Ó fi áńkáṣíìfù gbé e sókè wò, lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ológbò wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Ó wà lára káàdì yìí. Èmi àti irun ológbò ò rẹ́ láti kékeré." Ó nà án sí mi. Lóòótọ́, irun fẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú ti lọ́ mọ́ fáànù méjèèjì, pẹ̀lú eruku tó nípọn.

*

Nígbà tá a dé àgọ́, èrò ti dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan mú igi, àwọn kan mú òkúta, ẹnì kan tilẹ̀ yí táyà wá. "Ẹ gbé apààyàn yẹn jáde fún wa!" Òkúta kan fò wọlé, ó fọ́ gíláàsì fèrèsé. Kí ọwọ́ wa tó tẹ àbúrò náà ni wọ́n ti lù ú bí ẹní lu bàrà. Ojú rẹ̀ kan ti di, etí rẹ̀ òsì sì ti ya.

Màmá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ méjì péré ló bí. Ọ̀kan wà ní mọ́ṣúárì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tá a mú àbúrò kọjá níwájú rẹ̀, ó dìde, mo sì rò pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó gbá a létí, etí tó ti ya yẹn gan-an.

"O ní wàá pa á! Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ lánàá! O sọ ọ́, o sì ṣe é. Èmi kọ́ ni mo bí ọ."

Igi gbogbo tí wọ́n là mọ́ ọmọkùnrin náà kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí i lójú rẹ̀ kan tó kù.

Abẹ́rẹ́ jókòó kọjú sí i nínú yàrá ìbéèrè. "Ṣé lóòótọ́ lo ní wàá pa á?"

"Mo sọ ọ́, sà. Inú ló ń bí mi. Mo fẹ́ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, bùrọ̀dá ní kò tíì yá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ ńkọ́?"

"Mo bá a nílẹ̀ nígbà tí mo dé. Ṣé kí n dúró sókèèrè máa wo ẹ̀gbọ́n mi ni? Mo gbé orí ẹ̀. Ó ṣì ń mí nígbà yẹn, sà. Ó ń mí." Ó wá bú sẹ́kún.

Abẹ́rẹ́ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn kó tó gbé káàdì kékeré náà síwájú rẹ̀ nínú ọ̀rá. "Ti ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

Ọmọkùnrin náà wò ó. "Rárá, sà. Ó dọ̀tí."

"Kí ni ìdọ̀tí kàn níbẹ̀?"

"Bùrọ̀dá kì í jẹ́ kí káàdì tó dọ̀tí kọjá káńtà. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ eruku wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé káàdì wá, ìta níbẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ fẹ́ ẹ mọ́. Ó lè jẹ́ ọba ló gbé e wá, bùrọ̀dá ò ní fọwọ́ kàn án láìfẹ́ ẹ."

Abẹ́rẹ́ kọjú sí mi. "O gbọ́? Ẹni tó gbé èyí wọlé kò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n bá a fẹ́ eruku. Ìjà ló bá wọlé." Ó tún kọjú sí àbúrò. "Irú àwọn wo ló máa ń gbé káàdì àtijọ́ wá?"

"Àwọn tó bá ra tuntun ni. Bùrọ̀dá á ní kí wọ́n gbé tuntun lọ, kí wọ́n fi wé ti àtijọ́. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á wá fi àtijọ́ sílẹ̀ fún wa. Ìdí àtúnṣe fóònù lèmi máa ń wà ní tèmi, mi ò mọ ẹni tó ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi Pọ́ọ́kú. Òun ló ń lérí sí bùrọ̀dá mi ní gbogbo ìgbà."

*

Ọjà tó wọ́n bí ojú ni ọkùnrin náà ń tà, ìyẹn làwọn aládùúgbò ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní Pọ́ọ́kú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Oníkáàdì gbọ̀ngbọ̀n. Bí ó ṣe rí wa, ó fà sẹ́yìn, mo sì rí i pé wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ín. Sùúrù tán nínú mi. Mo fò lórí káńtà, mo gbá a lọ́rùn mú, mo gbé e mọ́ ògiri débi tí páálí ọjà fi ń wó lé wa lórí.

"Ibo lo ti gba ojú ọgbẹ́ yẹn?"

"Ẹ ní kó fi ọ̀nà ọ̀fun mi sílẹ̀, ọ̀gá! Páànù àpótí kọ̀ǹpútà ló gé mi! Ilé ìwòsàn ni mo wà láti àárọ̀, mi ò tíì pẹ́ dé, bàbá ìyàwó mi ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ!"

Abẹ́rẹ́ pe ilé ìwòsàn náà. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ní òun rántí rẹ̀ dáadáa, pé ariwo tó ń pa nígbà tí wọ́n ń rán an kò jẹ́ kí àwọn aláboyún sinmi. Ìgbà tí wọ́n ń rán an lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n pa Oníkáàdì. Mo fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀. N kò tọrọ àforíjì, ojú rẹ̀ ṣì jọ ti ẹni tó yẹ kí wọ́n fún lọ́rùn.

"Ọ̀tá mi ni," ni Pọ́ọ́kú wí, ó ń fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, "ṣùgbọ́n ojúlówó ló ń tà. Ohun tó ń dùn mí nípa ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ gbé káàdì kékeré náà lé káńtà. "Kí ni agbára èyí?"

Inú oníṣòwò kì í pẹ́ dùn tí wọ́n bá bi í nípa ọjà. "Àgbàlagbà nìyẹn. Fáànù méjì, mẹ́mọ́rì gígá mẹ́rin, wáyà iná kan. Bẹ́ ẹ bá gbé fíìmù tó le fún un, á máa gbé nǹkan bí ogójì àwòrán jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò burú fún ọjọ́ orí ẹ̀."

"Tuntun tí gbogbo èèyàn ń rà báyìí ńkọ́?"

Pọ́ọ́kú gbé ọ̀kan sílẹ̀ láti orí àjà, ó sì dún gbì lórí káńtà. Ó gùn tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ó sì wúwo bí búlọ́ọ̀kù. "Fáànù mẹ́ta. Mẹ́mọ́rì gígá mẹ́rìndínlógún. Wáyà iná méjì ló ń jẹ. Lórí fíìmù kan náà, á gbé àwòrán tó lé ní ọgọ́rùn-ún jáde. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá."

Abẹ́rẹ́ yí káàdì ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lábẹ́ fáànù, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń tu ooru tò gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Ó fa apá mi, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ irin náà mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, títí mo fi ké. Nígbà tó gbé e kúrò, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní apá mi, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lẹ́rẹ̀kẹ́ òkú.

"Òòyà wa nìyẹn," ló wí. "Ẹni tó wá gbé méjèèjì dání. Ó ju kékeré sílẹ̀, ó fi ńlá pa á, ó sì gbé ńlá lọ. Kí ló lè mú oníbàárà bínú tó bẹ́ẹ̀?"

"Àìmọ̀kan ni!" ni Pọ́ọ́kú dáhùn. "Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń pariwo mọ́ wa. Wọ́n á ra káàdì olówó gọbọi, wọ́n á lọ ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà sínú ihò òkè, èyí tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, dípò ihò tó wà lára káàdì. Káàdì á kàn jókòó síbẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Wọ́n á wá ní ayédèrú la tà fún àwọn. Oníkáàdì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi, mo máa ń gba owó iṣẹ́ ni."

*

Àbúrò Oníkáàdì rántí pé èèyàn mẹ́ta ló ra irú káàdì ńlá náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹni àkọ́kọ́ ti gbé tirẹ̀ rìnrìn àjò. Ẹnì kejì kò tíì ja páálí rẹ̀, ó ní ọmọ òun ló máa ṣí i. Ẹnì kẹta ni ọkùnrin kan tó ń ya fíìmù àwọn ọmọdé lórí kọ̀ǹpútà, Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

A ò wọ aṣọ iṣẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó ṣí i tán ló ti ń sín, ológbò kan tó ní àwọ̀ eérú sì gba àárín ẹsẹ̀ wa kọjá. Ọ̀gá mi wò mí, mo wò ó. Mo fọwọ́ kan ìbọn mi lábẹ́ ẹ̀wù.

Ayàwòrán jẹ́ ọkùnrin gíga tó láwọ̀, ó sì mọ̀wàhù. Ó fún wa ní àga. Ohun tó wà lórí tábìlì kò ju kọ̀ǹpútà onígíláàsì kan lọ, a sì ń rí káàdì ńlá náà nínú rẹ̀ láti ibi tá a jókòó sí. Ẹ wo àyà tí èèyàn lè ní!

"Mo gbọ́ pé ẹ mọ̀ nípa káàdì," ni Abẹ́rẹ́ wí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. "Mo fẹ́ ra irú eléyìí fún ọmọ mi. Wọ́n ní ó dáa ju ti àtijọ́ lọ."

"Ẹ má fowó yín ṣòfò, bàbá."

"Ṣé kò dáa ni?"

"Àtijọ́ àti tuntun, nǹkan kan náà ni." Ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, àmọ́ iṣan ọrùn rẹ̀ ti ń le. "Láti ìgbà tí mo ti kó wá síbí ni káàdì mi àtijọ́ ti ń falẹ̀. Fíìmù mi kò rìn mọ́. Mo ní kí n ra tuntun. Mo dán méjèèjì wò lórí fíìmù kan náà. Ẹ mọ iye tí àtijọ́ gbé? Àwòrán mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ mọ iye tí tuntun gbé?" Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. "Mọ́kànlá! Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko!"

"Mọ́kànlá àti mọ́kànlá," ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà. "Nígbà tí ẹ kó wá síbí, ta ló bá yín so wáyà wọ̀nyí?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe ohun kékeré kan fún yín."

Ó fa wáyà ojú kọ̀ǹpútà yọ kúrò nínú ihò òkè, ó sì kì í sínú ihò tó wà lára káàdì. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó sì tún mọ́lẹ̀. "Ẹ tún un dán wò báyìí."

Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hó yee. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọdé inú fíìmù ń fò, aṣọ wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò há rárá. Nọ́ńbà tó wà lókè kúrò lórí mọ́kànlá, ó gun àádọ́ta, ó gun ọgọ́rin, ó kọjá ọgọ́rùn-ún. Ẹnu Ayàwòrán là sílẹ̀.

Bí káàdì ṣe ń gbóná ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn bí ẹran tó jóná mọ́ ìkòkò. Atẹ́gùn fáànù sì ń gbọn nǹkan jáde láàárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, nǹkan pupa dúdú wẹ́wẹ́, ó ń ta mọ́ gíláàsì láti inú.

"Ẹ ti nu òde ẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò lè dé àárín irin wọ̀nyẹn. Ẹ̀jẹ̀ Oníkáàdì rèé."

Ayàwòrán kò tíì wo gíláàsì. Nọ́ńbà ló ń wò. "Ó dáa?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. "Káàdì yìí dáa?"

"Ó dáa. Àtijọ́ náà dáa. Kò sídìí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ra tuntun rárá."

Igbe tó ké kì í ṣe igbe èèyàn. Ó gbé àga irin, ó là á mọ́ Abẹ́rẹ́ léjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Mo bẹ́ mọ́ ọn kó tó gbé e lẹ́ẹ̀kejì. A jọ ṣubú lu tábìlì, ó fi eyín gé ọwọ́ mi títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ó sì ń wá ọ̀nà àtifi àtàǹpàkò yọ ojú mi. Mo fi orí kàn án nímú. Mo tún kàn án. Nígbà tí mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, èmi náà ò mọ ẹ̀jẹ̀ ta ni mò ń tu jáde lẹ́nu.

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀, kò dúró kí wọ́n bi í. "Ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ayé mi ti bàjẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ihò wo lo ki wáyà ẹ sí?' Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé... mi ò mọ̀ pé ó ń bi mí ni."

Ojú àánú kò sí nínú mi fún un. Mo ti rí ojú òkú náà.

*

Abẹ́rẹ́ kọ̀ láti lọ sílé ìwòsàn àfi ìgbà tó bá tú àbúrò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Apá kan rẹ̀ so rọ̀, ó ń na èkejì sí àwọn èrò tó wà níta bó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n ń wá ti wà nínú ọkọ̀ wa, ó sì ní ẹni tó bá tún ju òkúta, òun á tì í mọ́lé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n túká díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Màmá wọn ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹni tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é, wáyà kan tí kò sí nínú ihò tó yẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò tóbi tó láti gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló bèèrè.

"Àbúrò ẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀?"

"Kò mọ nǹkan kan, mà. Ó gbé orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ títí ó fi kú ni."

Wọ́n mú ọmọkùnrin náà jáde. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ lára ẹ̀wù rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun súnmọ́ ìyá òun tàbí kí òun máa lọ. Ìyá wo etí tó gbá. Ó dìde, ó rìn lọ bá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, níwájú gbogbo wa.

Orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti sáré dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró.

"Ẹ má ṣe é, màámi," ló wí. "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé bùrọ̀dá."